Ìdákẹ́jẹ́ Bàbá Jẹ́jẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ohùn Bàbá Jẹ́jẹ́ ti kéré tó, ẹ gbọ́ èyí ná: lọ́jọ́ tí olè wọlé tọ̀ ọ́, ó figbe bọnu, ó ní, "Olè!" Olè náà dúró, ó dẹtí sílẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sà, kí lẹ wí?"

Ilé ìkàwé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń rìn láàárín àwọn pẹpẹ ìwé bí ẹni ń rìn lórí ẹyin, ìka kan lórí ètè, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sì rẹ́rìn-ín, á wò ó ní ìwò tí ń gbẹ ẹ̀rín mọ́ni lẹ́nu. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ jáde síta. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní bó bá ń lálàá, àlá náà kì í ní ohùn, àwòrán lásán ni.

Ta wá ni irú ọkùnrin báyìí lọ fẹ́? Ìyá Ẹ̀rọ! Obìnrin tó ni ẹ̀rọ ìlọ àgbàdo ní ẹ̀bá títì. Ẹ̀rọ náà tóbi, ó ti dàgbà, ó sì ń bínú. Tí wọ́n bá ti tàn án láàárọ̀, ife á máa fúnra rẹ̀ rìn lórí tábìlì nílé tó wà ní òdìkejì. Nítorí náà, Ìyá Ẹ̀rọ kì í sọ̀rọ̀, kíké ló máa ń ké. Bó bá ní "Ẹ káàárọ̀" ní ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà, àwọn tó wà ní ìparí á jẹ́ ẹ.

Síbẹ̀, tọkọtìyàwó náà fẹ́ràn ara wọn bí ojú ti fẹ́ràn imú. Àwọn aládùúgbò ní kì í ṣe pé wọn kì í jà o. Ìdajì ìjà náà ni àwọn máa ń gbọ́.

Oyún kejì nìyí. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú ni Ìyá Ẹ̀rọ bí àkọ́bí sí, ẹnu géètì ni àwọn ọkọ sì ń dúró níbẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná funfun kan tó mọ́lẹ̀ bí oòrùn ọ̀sán gangan. Kò sí ojú tó mọ̀ níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó wọlé ló fi aṣọ bo imú. Ọmọ dé láyọ̀, ọpẹ́ ni. Àmọ́ obìnrin tí kì í bẹ̀rù iná, tí kì í bẹ̀rù irin, kò tíì lè wo gílóòbù lókè àjà láìrántí ọjọ́ náà.

"Jẹ́jẹ́ mi," ló wí fún ọkọ rẹ̀ nínú yàrá, aládùúgbò sì dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri pé, "À ń gbọ́!" Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ: "Lọ́tẹ̀ yìí, ojú tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ rí. Ojú yín gan-an. Bí ẹ bá tún jẹ́ kí n dá nìkan bímọ, ẹ̀yin lẹ máa lóyún ẹ̀kẹta."

"Mo ṣèlérí," ni Bàbá Jẹ́jẹ́ wí. Ó wí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ìlérí ni ìlérí ń jẹ́, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ kéré tó.

Ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan wà ní ọ̀kánkán ilé ẹ̀rọ gan-an, títì ló là wọ́n láàárín. Ibẹ̀ ni ọkọ ti lè wọlé. Agbẹ̀bí tó ń darí ibẹ̀ jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í kánjú. Wọ́n ní bí iná bá ń jó ìdí aṣọ rẹ̀, á kọ́kọ́ mu omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ó kó àwọn aláboyún àti ọkọ wọn jọ, ó ní:

"Obìnrin tó ń rọbí dà bí ẹni tó fẹ́ sùn. A kì í na ẹni tó fẹ́ sùn lẹ́gba pé kó tètè sùn. Ẹ jẹ́ kí iná rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èrò dín kù. Ẹ bá a ra ẹ̀yìn, ẹ fún un lómi mu, bó bá fẹ́ rìn, kó rìn. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Tí ọkàn bá ti balẹ̀, ara mọ iṣẹ́ tirẹ̀."

Ọ̀rọ̀ pọ̀ tó sọ, àmọ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni Bàbá Jẹ́jẹ́ dì mẹ́rù lọ sílé: pẹ̀lẹ́! Háà! Láti ọjọ́ tó ti dáyé, èyí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí òun gan-an jẹ́ ọ̀gá nínú rẹ̀. Àwọn ọkọ yòókù mọ bọ́ọ̀lù, wọ́n mọ mọ́tò. Òun mọ bí a ti ń dákẹ́. Ọjọ́ ògo rẹ̀ ń bọ̀.

Ọjọ́ náà sì dé. Àárọ̀ ni, Ìyá Ẹ̀rọ ń da àgbàdo sẹ́nu ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ó dúró lójijì, ó di etí àpò mú, ó ké pé, "Ó ti dé o!" Àwọn oníbàárà rò pé epo ẹ̀rọ ló dé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó fi àpò lé ọkùnrin tó ń bá a tún ẹ̀rọ ṣe lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ẹnjinníà, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọdá títì lọ sílé ìgbẹ̀bí. Ìrora ń tẹ̀ lé ìrora bí ọmọléèwé lórí ìlà. Agbẹ̀bí yẹ̀ ẹ́ wò, inú rẹ̀ dùn. "Báyìí la ṣe ń fẹ́ ẹ. Tó bá ń lọ báyìí, ọmọ á bá wa jẹun ọ̀sán."

Ìgbà yẹn ni Bàbá Jẹ́jẹ́ dé pẹ̀lú àpò ńlá lẹ́yìn.

Àwọn ọkọ mìíràn máa ń gbé aṣọ ọmọ wá. Bàbá Jẹ́jẹ́ yọ agolo òróró, ó ta á sí ìdè gbogbo ilẹ̀kùn tó ń ké. Ó yọ tìmùtìmù, ó gé e wẹ́wẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ àga. Ó ní kí gbogbo ẹni tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bọ́ bàtà, títí kan ọ̀dọ́kùnrin kan tí ìyàwó tirẹ̀ wà ní yàrá kejì. Lẹ́yìn náà ló wá fa pátákó jáde, irú èyí tó wà nílé ìkàwé gẹ́lẹ́, lẹ́tà pupa gàdàgbà: Ẹ DÁKẸ́! ẸNI TÓ BÁ PARIWO, ÌTA NI YÓÒ BÁ ARA RẸ̀. Ó gbé ọ̀kan kọ́ ògiri yàrá ìbímọ, ọ̀kánkán ojú ìyàwó rẹ̀.

Agbẹ̀bí kà á tán. "Ta ni èyí wà fún?"

"Fún gbogbo ènìyàn, mà."

"Títí kan ẹni tó ń rọbí?"

Bàbá Jẹ́jẹ́ ronú. "Ó lè… ó lè kérora níwọ̀nba."

"Ẹ bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ̀rín tó pa mí!" ni Ìyá Ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín. Agbẹ̀bí náà rẹ́rìn-ín, ó sọ pátákó kalẹ̀, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ọkọ. Ó ti rí àwọn ọkọ tó dákú, ó ti rí èyí tó sùn. Eléyìí, ìdákẹ́jẹ́ ló gbé wá. Kí ló burú níbẹ̀?

Ìyá ìyàwó ló tún wọlé. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì ibi tí Ìyá Ẹ̀rọ ti jogún ohùn, ẹ ò bá ti gbọ́ bí màmá yìí ṣe kí ilé ìgbẹ̀bí láti ẹnu ọ̀nà. Bàbá Jẹ́jẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó fi ìka lé ètè.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàdúrà nínú."

"Nínú kí ni?"

"Nínú ọkàn yín, mà."

Màmá jókòó, ó di ìkúùkù, ó ń ju orí síwá sẹ́yìn, ètè rẹ̀ ń sáré láìsí ohùn kankan. Ó dà bí ẹni tó ń bá ẹja jà.

"Màmá," ni àna rẹ̀ wí kẹ́lẹ́, "ọrùn yín ń ró."

Nǹkan kan ṣoṣo ló wá kù: ẹ̀rọ. Ó ń bú ramúramù lódìkejì títì, gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n. Bàbá Jẹ́jẹ́ sọdá, ó tọ Ẹnjinníà lọ, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi lónìí nítorí ẹni tó ń rọbí. Ẹnjinníà ní kò sí wàhálà. Ó pa á.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àdúgbò dákẹ́! Adìyẹ gbórí sókè. Ajá kan tó ti ń gbó láti ọjọ́ pípẹ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́, ojú tì í, ó wọlé. Bàbá Jẹ́jẹ́ padà sínú yàrá, ó mí kanlẹ̀. Ó ti parí iṣẹ́. Bí wọ́n bá ń fi àmì ẹ̀yẹ fún ọkọ, kí wọ́n máa gbé e bọ̀.

Ẹ kò ní gbà gbọ́: ìrọbí dúró.

Kò dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ ń fà sẹ́yìn bí àlejò tó ti dágbére tán tí kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá, àlejò lọ. Ìyá Ẹ̀rọ rìn yíká yàrá, kò dé. Ó mu omi, kò dé. Màmá ra ẹ̀yìn rẹ̀ títí ọwọ́ fi ro ó, kò dé.

Agbẹ̀bí gbọ́ ọkàn ọmọ, ó sì jókòó ti ìyá. "Ọmọ ń ṣe dáadáa. Ìwọ náà ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n omi rẹ ti dà, mi ò sì ní jókòó máa wò ó títí. Tí oòrùn bá dé ojú fèrèsé yẹn tí nǹkan ò bá yí padà, màá pe ọkọ̀ kó gbé wa lọ sílé ìwòsàn ńlá. Kì í ṣe ìyà o, ààbò ni."

Ilé ìwòsàn ńlá. Géètì. Iná funfun.

Ìyá Ẹ̀rọ di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Jẹ́jẹ́ mi," ló wí, "ẹ ṣèlérí fún mi."

Ohùn kẹ́lẹ́ ló fi sọ ọ́. Bàbá Jẹ́jẹ́ ti ń gbàdúrà láti ọjọ́ ìgbéyàwó pé kí ìyàwó òun sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré láyé. Àdúrà gbà lónìí, ẹ̀rù sì bà á dé egungun.

Kí ló wá ṣe? Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó fi kún ìdákẹ́jẹ́! Ó yọ aago ògiri nítorí pé ó ń dún. Ó fi aṣọ di ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń kán. Ó ń wo Màmá tó ń mí bíi pé kó gba imú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bó ti ń fi kún un ni Ìyá Ẹ̀rọ ń gbórí sókè lórí ìrọ̀rí. Á sùn sẹ́yìn, á tún gbórí sókè. Èjìká rẹ̀ ti le bí pákó. Oòrùn ti ń ti ẹ̀gbẹ́ ògiri bọ̀.

Agbẹ̀bí, tí kì í kánjú, ti ń wò ó tipẹ́. "Kí lò ń gbọ́ tó ń mú ọ gbórí?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, mà. Ìyẹn gan-an ló ń ṣe mí."

"Ṣàlàyé fún mi."

"Ní ilé ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ bá ń pariwo, kò séwu. Mo lè sùn tì í. Àmọ́ tó bá dákẹ́ lójijì, ọ̀ràn ti dé nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì ti já, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ẹnìkan ti kó sí i. Fífò la máa ń fò dìde. Láti ìgbà tó ti dákẹ́ ni ara mi ti ń fò dìde, mi ò mọ bí mo ṣe lè dá a dúró." Ó wo fèrèsé. "Kí ló bàjẹ́ lọ́hùn-ún gan-an?"

Gbogbo ojú yí sí Bàbá Jẹ́jẹ́. Pátákó Ẹ DÁKẸ́ wà lábẹ́ apá rẹ̀.

"Kò sóhun tó bàjẹ́," ló wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n pa á. Kí… kí ara lè tù ọ́."

"Yéè!" ni Màmá ké. Gbogbo àdúrà tó ti há sí i nínú láti àárọ̀ bá igbe náà jáde.

Agbẹ̀bí mi orí. "Mo ní kí ọkàn balẹ̀, mi ò ní kí àdúgbò kú. Èmi náà jẹ̀bi. Mo gbádùn ìdákẹ́jẹ́ yẹn ju bó ti yẹ lọ. Ó yá, ẹ sáré, ẹ ní kí wọ́n tàn án padà!"

Bàbá Jẹ́jẹ́ sáré. Kò wọ bàtà, òun fúnra rẹ̀ ló sáà fòfin dè é. Ó sọdá títì, ó já wọ ilé ẹ̀rọ, ó sì rí Ẹnjinníà tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń súfèé bí ẹni tí ayé yẹ. Gbogbo ara ẹ̀rọ ló tẹ́ yí i ká: bóòtù, ọ̀pá, kẹ̀kẹ́, bẹ́líìtì.

"Ẹ kú ìmọ̀ràn sà! Ẹ ní kó sinmi, ni mo bá tú u palẹ̀ kí n fọ̀ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá àyè."

"Ìgbà wo ni yóò padà ṣiṣẹ́?"

"Ẹ ẹ́n?"

"Ìgbà wo ni yóò padà ṣiṣẹ́?"

"Ó di ọ̀la."

"Ọ̀LA?!"

Òpópónà dúró. Kẹ̀kẹ́ kan kọ lu ògiri. Ẹnjinníà wẹ̀yìn láti mọ ẹni tó pariwo, kò rí ẹlòmíràn. Bàbá Jẹ́jẹ́ náà wẹ̀yìn. Ohùn ta nìyẹn?

Ó padà sínú yàrá, orí kodò. Oòrùn ti fẹnu kan igi fèrèsé. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Wọ́n ti tú u. Ọ̀la ni. Mo fẹ́ ṣe ọ́ lóore ni, mo bà á jẹ́."

Ìyá Ẹ̀rọ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ tó kún fún eruku.

"Ẹ ṣe é fún mi," ló wí.

"Kí n ṣe kí ni?"

"Ẹ̀rọ náà. Ẹ fẹnu ṣe é."

"Èmi?"

"Ìwọ kọ́ lo pa á ni?" ni Màmá dá sí i. "Jẹ́ kó jí!"

Bàbá Jẹ́jẹ́ wo ilẹ̀kùn, bóyá ẹnìkan láti ilé ìkàwé ń bọ̀. Ó tún wo fèrèsé, ó rí oòrùn. Ó ya ẹnu. "Gù… gù… gù…"

"Ológbò nìyẹn," ni Màmá wí.

"Ẹ̀rọ mi kì í gbéra bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Ẹ̀rọ wí, ó ti dìde jókòó. "Ó máa ń wúkọ́ ná. Ẹ wúkọ́!"

"Ẹ̀hù. Ẹ̀hù-ẹ̀hù. Gùrù… gùrù… gbùrù-gbùrù-gbùrù…"

"Ó gbéra! Pàkà ńkọ́? Ibi tí mo ti rán bẹ́líìtì, tó bá dé ibẹ̀, ó máa ń ṣe pàkà!"

"Gbùrù-gbùrù-gbùrù-pàkà! Gbùrù-gbùrù-gbùrù-pàkà!"

Ohun tí ìwé ti dì mọ́ ọkùnrin yìí láyà láti kékeré tú síta. Èjìká rẹ̀ ń mì, ìgbáròkó rẹ̀ ń mì, ìgò omi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí tábìlì. Ìyá Ẹ̀rọ rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Ó sùn sẹ́yìn. Kò gbórí mọ́. Agbẹ̀bí rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ló bá ń ra ẹ̀yìn rẹ̀ bá ẹ̀rọ náà lọ. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Ìyá Ẹ̀rọ nígbà tí ojú rẹ̀ yí padà, tó di etí bẹ́ẹ̀dì mú.

"Yéè! Ó ti padà wá!"

"Gbùrù-gbùrù-gbùrù…" Èémí Bàbá Jẹ́jẹ́ já.

"Pàkà!" ni Màmá gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Máa lọ, àna mi, mo wà lẹ́yìn rẹ! Èmi ni bẹ́líìtì!"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ, àna ń gbùrù, ìyá ìyàwó ń pàkà. Ìyá Ẹ̀rọ ń ké nígbà tó bá wù ú láti ké, igbe tó pé, igbe tirẹ̀ gan-an. Láàárín ìrora kan àti èkejì, ó ń sùn lọ fẹ́ẹ́, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ nínú tirẹ̀. Nígbà tí agbẹ̀bí ní, "Ó yá, ìyá, tì í wá," kò sẹ́ni tó tún rántí wo fèrèsé.

Ọmọ dé. Obìnrin ni, orí rẹ̀ kún fún irun. Agbẹ̀bí gbé e lé àyà ìyá rẹ̀.

Bàbá Jẹ́jẹ́ rí i, ẹnu rẹ̀ yà, ẹ̀rọ kú.

Ọmọ náà figbe ta! Igbe tó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, tó sọdá títì, tí Ẹnjinníà fi ju bóòtù sílẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, kò dákẹ́. Màmá ki oríkì rẹ̀, kò dákẹ́. Bàbá Jẹ́jẹ́, nínú ìdààmú, gbé ìka lé ètè bí ẹni wà nílé ìkàwé. Ọmọ wò ó, ó tún fi kún un.

"Oṣù mẹ́sàn-án ló fi gbé inú ariwo ẹ̀rọ," ni agbẹ̀bí wí. "Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú wò."

"Gbùrù," ni Bàbá Jẹ́jẹ́ wí.

Ọmọ dákẹ́. Ó wá ọyàn, ó sì rí i.

Agbẹ̀bí jáde lọ fọwọ́. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ dìde fìrì, ẹsẹ̀ lásán, ojú rẹ̀ ti ràn. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé gbogbo ọkọ ló gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Iṣẹ́ kí ni ìyàwó rẹ ń ṣe?"

"Ó ń tu ọkọ̀ ojú omi."

Agbẹ̀bí ronú díẹ̀. "Lọ pọn omi wá."

Nínú yàrá, Màmá ti sùn sórí àga, ó ṣì ń ṣe "pàkà" lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lójú oorun. Oòrùn ti kọjá fèrèsé lọ ní tirẹ̀. Ìyá Ẹ̀rọ náà ti sùn, orí rẹ̀ wà lápá ọkọ, kò sí gílóòbù kankan tó ń wò ó lójú. Ọ̀fun Bàbá Jẹ́jẹ́ ti gbẹ bí èèpo àgbàdo. Ó dín ẹ̀rọ kù, ó tún dín in kù, bí wọ́n ṣe ń pa á nírọ̀lẹ́. Gùrù. Gù. Ó dákẹ́. Yàrá pa rọ́rọ́. Háà, ìdákẹ́jẹ́! Ó ti sàárò rẹ̀.

Ọmọ la ojú kan.

"Gbùrù-gbùrù," ni bàbá rẹ̀ wí kíá.